Ère tí atẹ́gùn ń yí létí Odò Ògùn: bí a ṣe lè kọ́ ọ ní Abẹ́òkúta, kí ará ìlú sì máa bá a ṣeré

Ìwà méjì ni atẹ́gùn etí Odò Ògùn ní. Lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún, ńṣe ló rọra ń fẹ́: aṣọ tí wọ́n sá sórí àpáta á mì díẹ̀, ọ̀rá á yí nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á tún dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀, láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, tàbí nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, ìjì á ti ìhà ìlà-oòrùn dìde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á ṣí páànù ilé, á fa ẹ̀ka igi ya. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ère tí atẹ́gùn ń yí kalẹ̀ létí odò yìí gbọ́dọ̀ ro ti ìwà méjèèjì kó tó mú pẹ́ńsù. Èyí tó bá rẹwà lórí ìwé ṣùgbọ́n tí kì í mira lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá rọra fẹ́, òpó lásán ni. Èyí tó bá sì yí dáadáa ṣùgbọ́n tí ìjì àkọ́kọ́ wó o lu ọmọ ọlọ́mọ, ẹjọ́ ni.

Mo fẹ́ kí irú iṣẹ́ yìí wà ní Láfẹ́nwá, kó wà ní Ẹnu-Gádà, kó wà níbikíbi tí ojú odò bá ti ṣí sílẹ̀ láàárín ìlú wa. Ó pẹ́ tí Abẹ́òkúta ti kẹ́yìn sí odò rẹ̀. A ń da ìdọ̀tí sí i, a sì ń sá fún un lásìkò ẹ̀kún omi, bẹ́ẹ̀ òun ló ń fún wa lómi mu. Bí ọmọdé bá lè tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ létí odò kí atẹ́gùn sì dá a lóhùn, àgbàlagbà tó mú un wá náà á dúró, á sì wo odò. Ohun tí mo ń wá nìyẹn.

Àwọn ìlú mìíràn ti ṣe irú rẹ̀. Ní Burnley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n to páìpù irin jọ bí igi sórí òkè kan ní ọdún 2006. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 3, atẹ́gùn sì ń gba ẹnu páìpù kọjá, ó ń kọrin. Ní Zadar, ní Kroatíà, láti ọdún 2005 ni ìgbì òkun ti ń ti afẹ́fẹ́ sínú páìpù 35 tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn etíkun. Ẹ má ṣe kó ìwọ̀nyí wá sí Abẹ́òkúta bí wọ́n ṣe wà. Orí òkè tí atẹ́gùn kì í sinmi ni ti Burnley wà, ti Zadar sì ń jẹun lára òkun. Àwa kò ní òkun, atẹ́gùn wa kò sì le tó láti mú páìpù kọrin ní ojoojúmọ́. Ẹni tí mo rò pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá wa mu jù ni George Rickey, ará Amẹ́ríkà tó kú ní ọdún 2002. Ó máa ń ki òjé sí ìdí àwọn abẹ irin gígùn rẹ̀ kí apá méjèèjì lè gbé ara wọn, débi pé atẹ́gùn tí ènìyàn kò tilẹ̀ gbọ́ lára máa ń mì wọ́n. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì àti bíárìn tó yọ̀: ohun méjì tí a ní láti lépa nìyẹn.

Ohun tí a fẹ́ kọ́

Òpó irin méjì ni, gíga wọn tó mítà 5.3, àlàfo àárín wọn sì tó mítà 2.2. Irin ìdábùú kan wà lókè pátápátá, òmíràn wà níbi tó fi mítà 3.2 ga sókè láti ilẹ̀. Láàárín ìdábùú méjèèjì ni apá tó ń gba atẹ́gùn máa wà, tí a fi dúrọ́ọ̀mù méjì ṣe; agbátẹ́gùn ni n ó máa pè é. Lábẹ́ ìdábùú ìsàlẹ̀, a máa so páìpù mẹ́ta tó ń dún rọ̀. Nílẹ̀, pẹ́dàlì mẹ́ta. Atẹ́gùn ló ń mú agbára wá, ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń yan ohùn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ pẹ́dàlì, agbátẹ́gùn á máa yí láìdún, àwọn tó ń gbé nítòsí á sì rí oorun sùn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ kọ́ ìwà atẹ́gùn ibẹ̀

Ẹ so ọ̀já aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ orí ọparun tó ga tó mítà 5, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ níbi tí ẹ fẹ́ lò. Ẹ máa lọ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ẹ wò ó nígbà ọyẹ́, ẹ wò ó nígbà òjò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìyára atẹ́gùn dára bí ẹ bá rí i yá, ṣùgbọ́n ojú lásán náà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kàn ń gbọ́ atẹ́gùn lójú, tí ewé sì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìyára rẹ̀ wà láàárín mítà 1.6 sí 3.3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ kò bá sinmi, tí ọ̀já náà sì nà tàntàn, ó ti wọ 3.4 sí 5.4. Bó bá ti ń gbé eruku àti bébà nílẹ̀, ó ti di 5.5 sí 7.9. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ère tiwa gbọ́dọ̀ máa yí láti ìyára 2.

Ẹ kíyè sí ibi tó ti ń fẹ́ wá. Lásìkò òjò, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni. Lásìkò ọyẹ́, láti àríwá ìlà-oòrùn ni. Ìdí nìyí tí mo fi yan agbátẹ́gùn tó dúró lóòró: ibi yòówù kí atẹ́gùn ti wá, ó máa gbà á, kò ní láti yíjú sí i.

Ìlú àpáta ni ìlú wa, àpáta àti ilé sì máa ń da atẹ́gùn tó bá kọjá lára wọn rú. Bí ilé kan tó ga ní mítà 6 bá wà níwájú, ẹ fi nǹkan bíi mítà 60 jìnnà sí i lápá ibi tí atẹ́gùn ń lọ. Bí àyè kò bá sí, ẹ sún mọ́ ojú omi, torí pé kò sí ilé lórí odò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ilẹ̀, omi, àti àwọn tó ni ibẹ̀

Ẹ má fi ojú ọ̀gbẹlẹ̀ wo etí odò. Odò Ọyán ń ṣàn wọ inú Odò Ògùn lókè ìlú, dáàmù tí wọ́n parí sórí rẹ̀ ní ọdún 1983 sì máa ń tú omi sílẹ̀ nígbà tó bá kún. Àwọn tó ń gbé Láfẹ́nwá àti Àgọ́-Ìkà mọ ohun tí ìyẹn máa ń dá sílẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ afárá: omi máa ń fi àmì ibi tó dé sílẹ̀ lára òpó. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń tajà níbẹ̀ pé níbo ni omi dé rí, kí ẹ sì gbà wọ́n gbọ́ ju ìwé lọ. Ìkún omi oṣù keje ọdún 2018 gba ẹ̀mí ní Abẹ́òkúta, nítorí náà ẹ má gbé ohunkóhun tó máa pe ọmọdé jọ sí ojú ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà.

Àṣẹ ṣe pàtàkì. Àjọ Ogun-Osun River Basin Development Authority, tí ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta níbí, gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Ìjọba ìbílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀ àti ìyálọ́jà àdúgbò. Ẹ bá àgbàlagbà kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa lọ, ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, ẹ gbé ère kékeré tí n ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ dání kí wọ́n fọwọ́ ara wọn yí i. Ìwé àwòrán kì í yé ènìyàn bíi kí ó rí nǹkan tó ń yí.

Ẹ bèèrè bóyá ibi tí ẹ fẹ́ gbẹ́ jẹ́ ojúbọ. Odò Yemọja ni Odò Ògùn, àwọn olùsìn rẹ̀ sì ṣì wà ní Ìbarà. Ibi tí wọ́n ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi kì í ní àmì tí àlejò lè fojú rí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò sí nínú ìwé ẹnjiníà kankan. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá la wà. Bí irin tàbí pákó pẹlẹbẹ gígùn bá ń yí kíákíá nínú atẹ́gùn, ohùn kan wà tó lè mú jáde tí ẹni tó bá dàgbà ní Abẹ́òkúta máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Orò kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹ má so irin pẹlẹbẹ mọ́ okùn, ẹ má ta wáyà tó nípọn síbi tí atẹ́gùn ti máa mú un hùn. Ohùn agogo ni ká lépa. Bí ìkéde bá sì jáde pé Orò ń bọ̀, kí olùtọ́jú ti ère náà pa títí tí wọn yóò fi ṣe tán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: agolo kó tó kan dúrọ́ọ̀mù

Ẹ la agolo mílíìkì ńlá kan sí méjì lóòró. Ẹ sún ìlàjì méjèèjì kúrò lójú ara wọn títí wọ́n fi jọ lẹ́tà S bí ẹ bá wò wọ́n láti òkè, kí wọ́n sì fi díẹ̀ wọnú ara wọn láàárín. Ẹ fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ gba àárín wọn kọjá, kí ẹ sì gbé e sétí fèrèsé. Ará Finland kan tó ń jẹ́ Sigurd Savonius ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní àwọn ọdún 1920. Kì í yára bíi ti abẹ̀bẹ̀ ńlá tó ń fún ìlú níná, ṣùgbọ́n ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú atẹ́gùn kékeré, ìyẹn ni a sì ń wá.

Ẹ sún ìlàjì méjèèjì mọ́ra, ẹ tún sún wọn jìnnà, kí ẹ wo ìgbà tó rọrùn jù fún un láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi agolo kejì sórí èkíní, kí ó kọjú síbòmíràn, kí ẹ wo ìyàtọ̀. Àgbà káfíńtà kò ní kọ́ yín tó bí agolo yìí ṣe máa kọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: agbátẹ́gùn gan-an

Dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 ni kí ẹ rà lọ́dọ̀ àwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù, méjì. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 57, gíga rẹ̀ nǹkan bíi 88. Ẹ bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá gbé kẹ́míkà olóró, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó bá gbé epo, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì bu omi kún un kí iná tàbí ẹ̀rọ ìgérin tó kàn án fún ihò àkọ́kọ́, torí pé òórùn epo nìkan nínú dúrọ́ọ̀mù òfìfo lè bú gbàmù, kó sì pa wẹ́dà.

Ẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan lóòró, kí ẹ jẹ́ kí ìdajì ìdérí òkè àti ti ìsàlẹ̀ wà lára ìlàjì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ni kò ní jẹ́ kí páànù rẹ̀ ká. Kí ìlàjì méjèèjì wọnú ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 10, gbogbo fífẹ̀ agbátẹ́gùn á wá jẹ́ nǹkan bíi mítà 1.04. Kí dúrọ́ọ̀mù òkè dá dúrọ́ọ̀mù ìsàlẹ̀ lábùú, kí wọ́n ṣe igun tó dọ́gba. Bí ọ̀kan bá wà níbi tí atẹ́gùn kò ti lè tì í, èkejì á wà níbi tó dára jù. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ so wọ́n mọ́ ọ̀pá àárín tó nípọn ní mìlímítà 35. Ọ̀pá tó tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lè tẹ̀ nínú ìjì.

Bí wẹ́dà bá ti ṣe tán, ẹ dá gbogbo rẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹ gbé ìpẹ̀kun ọ̀pá méjèèjì lé bíárìn, ẹ rọra yí i kí ẹ sì fi sílẹ̀. Apá tó bá ń padà sísàlẹ̀ nígbà gbogbo ló wúwo jù. Ẹ fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì kún apá kejì títí yóò fi máa dúró níbi yòówù tí ẹ bá yí i sí. Ẹ má kánjú níbí. Agbátẹ́gùn tí kò dọ́gba máa jẹ bíárìn, á mi òpó, á sì kọ̀ láti yí nínú atẹ́gùn kékeré.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bíárìn

Nọ́ńbà 6207 ni kí ẹ béèrè, ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35. Ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta pátì máa fẹ́ fún yín ní èyí tí wọ́n fi rọ́bà dí (2RS) torí pé kò jẹ́ kí omi wọlé. Rọ́bà yẹn máa ń fa ọ̀pá sẹ́yìn, gíríìsì tó ki sì tún máa ń fà á. Ẹ gba èyí tí wọ́n fi páànù bò (ZZ), ẹ fi kẹrosíìnì fọ gíríìsì inú rẹ̀ kúrò, ẹ fi ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ́pò. Lẹ́yìn náà, ẹ jó ìdérí irin sí ara ọ̀pá lókè bíárìn kọ̀ọ̀kan, kí ó fẹ̀ ju bíárìn lọ kí ó sì yọ etí sísàlẹ̀, kí òjò máa gbà á lára lọ. Eruku ọyẹ́ ní Abẹ́òkúta kò kéré, nítorí náà ìdérí yìí ṣe pàtàkì bí bíárìn fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tó máa dá a dúró

Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹ sọ ìyára atẹ́gùn dipúpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ tún sọ ọ́ dipúpọ̀ pẹ̀lú 0.613: agbára tó ń ti mítà onígun kan nìyẹn, ní newton, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára. Ní ìyára 3, ó jẹ́ nǹkan bíi 5.5. Ní ìyára 30, tí ìjì líle lè dé, ó jẹ́ 552. Ìyára fi ìlọ́po 10 lọ sókè, agbára fi ìlọ́po 100 lọ sókè. Lára agbátẹ́gùn tiwa, pẹ̀lú bí ara rẹ̀ ṣe rí, ìyẹn á tó kí ènìyàn fi ẹrù kílò 120 ti òkè òpó láti ẹ̀gbẹ́.

Nítorí náà, ìdádúró méjì la nílò. Àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ wá bíréèkì ẹ̀yìn ọkọ̀ àlòkù. Ẹ jẹ́ kí ìkòkò irin rẹ̀ dúró gbọin lára ìdábùú, kí bàtà bíréèkì máa bá ọ̀pá yí nínú rẹ̀, kí sípíríìnì sì fà wọ́n mọ́ra. Bí ọ̀pá bá yára jù, bàtà á fẹ́ sá kúrò láàárín, á ha ara ìkòkò, eré á sì rọ̀. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ lè fi sípíríìnì tún un ṣe kó máa bẹ̀rẹ̀ sí í dì í mú nígbà tó bá yí ní nǹkan bíi ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi okùn fà á yí nílẹ̀ láti dán an wò kí ẹ tó gbé e sókè.

Ìkejì ni ti olùtọ́jú: ìdè irin tó nípọn ní mìlímítà 16 tó ń wọ inú ihò kan lára ọ̀pá, pẹ̀lú àgádágodo. Bí ìkùukùu dúdú bá ti ń kójọ níhà ìlà-oòrùn, kí ó tì í. Bíréèkì nìkan kò tó fún ìjì.

Ìgbésẹ̀ keje: ohùn mẹ́ta

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí. Ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní, dò, rè, mí, òun sì ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn fi ń gbọ́. Bí ère yìí bá ní páìpù mẹ́ta, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún àárín, ọ̀kan fún òkè, ará Abẹ́òkúta kò ní gbọ́ ariwo irin. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Páìpù omi irin tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì kan ni kí ẹ lò. Bàbà dún ju irin lọ, àmọ́ kò ní pẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́ lọ tà. Ẹ gé gbogbo wọn lára páìpù kan náà: sẹ̀ǹtímítà 100 fún ìsàlẹ̀, 91 fún àárín, 82 fún òkè. Mo yan àlàfo tó fẹ̀ díẹ̀ ju dò-rè-mí ilé ẹ̀kọ́ lọ kí etí lè yà wọ́n sọ́tọ̀ láàárín ariwo ọkọ̀ Láfẹ́nwá. Bí ẹ bá fẹ́ yí i padà, ẹ rántí pé bí ẹ bá gé páìpù sí ìdajì, ohùn rẹ̀ kò ní fi ìlọ́po 2 lọ sókè, ìlọ́po 4 ni. Gígé díẹ̀ ti tó. Ẹ fi fáìlì há a díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa lù ú wò.

Ibi tí ẹ ti máa so ó rọ̀ ló ń pinnu bóyá ó máa dún tàbí ó máa kú. Páìpù tó bá ń dún máa ń tẹ̀ sókè sódò láàárín àti ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ṣùgbọ́n ibi méjì wà lára rẹ̀ tí kì í mì: ní ìdá 22.4 nínú 100 gígùn rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Ẹ lu ihò síbẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 22.4 lára páìpù 100, 20.4 lára 91, 18.4 lára 82. Ẹ fi wáyà tín-ín-rín tí ẹ ki rọ́bà bọ̀ so ó. Àárín gbùngbùn páìpù ni kí òòlù máa bà.

Òòlù kọ̀ọ̀kan wà lórí apá kékeré kan tó ní ìdè lára ìdábùú. Ọ̀pá agbátẹ́gùn sọ̀kalẹ̀ kọjá ìdábùú, ó sì gbé ìka irin kan tó ń yí ká. Sípíríìnì fa ìrù apá òòlù sísàlẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ìka náà. Bí ènìyàn bá tẹ pẹ́dàlì, wáyà bíréèkì ọ̀kadà á fa ìrù náà sókè sójú ọ̀nà, ìka á gbá a bó bá ti ń kọjá, òòlù á lu páìpù, á sì padà. Orí òòlù tí ẹ fi táyà àlòkù wé máa ń mú ohùn tó dùn jáde. Irin lu irin máa ń ta létí.

Atẹ́gùn ló mọ ìgbà tí ìka máa dé, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a rìn. Bí ọmọ mẹ́ta bá dúró lórí pẹ́dàlì mẹ́ta, tí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan, wọ́n lè jẹ́ kí atẹ́gùn pe orúkọ ìlú wọn: àárín, òkè, ìsàlẹ̀, òkè, àárín. A-bẹ́-ò-kú-ta. Ẹ kọ ọ́ sí ara òpó, kí ẹ fi àwọ̀ mẹ́ta kun pẹ́dàlì mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ààbò ọmọdé

Ohunkóhun tó bá ń yí kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ lè dé, kódà bí ọmọ kan bá gun èjìká ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ìdábùú fi wà ní mítà 3.2. Ẹnu páìpù ìsàlẹ̀ pàápàá kò gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ ju mítà 2.1 lọ. Níbi pẹ́dàlì, ẹ má fi àlàfo kankan sílẹ̀ tó wà láàárín mìlímítà 8 sí 25, torí pé ìka ọmọdé máa ń há síbẹ̀. Ẹ má sì fi èyí tó wà láàárín 89 sí 230 sílẹ̀ níbikíbi, torí orí. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún pápá ìṣeré àwọn ọmọdé nílẹ̀ Yúróòpù nìyẹn. Ẹ ki wáyà bíréèkì sínú páìpù láti ilẹ̀ dókè. Kí òpó máa yọ̀, kí ó má ní ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ láti fi gùn ún.

Kí pẹ́dàlì kan gùn sókè bí ọwọ́ ìfà fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera tàbí tí kò lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹ má fi èyí sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: òpó àti ìpìlẹ̀

Páìpù ínṣì mẹ́rin tí ara rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 4.5 tó fún òpó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà tó níwèé àṣẹ wo ìṣirò náà kí ó sì fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ etí odò kò rí bákan náà: níbi kan ẹ máa bá àpáta láìpẹ́, níbòmíràn ẹrẹ̀ ni títí lọ. Ẹ gbẹ́ mítà 1 ní gbogbo ìhà fún òpó kọ̀ọ̀kan, ẹ to irin sínú rẹ̀, ẹ da kọnkéré, kí ẹ sì fi kọnkéré so ìpìlẹ̀ méjèèjì pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ìwúwo ọ̀kọ̀ọ̀kan á tó kílò 2,400. Ṣùgbọ́n bí omi bá bò ó, omi á gbé lára rẹ̀, á wá dà bíi pé kò ju kílò 1,400 lọ. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ nìkan ti gbàgbé odò tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí kọnkéré gbà ọjọ́ 28 kí ẹ tó gbé agbátẹ́gùn sókè. Bíríkìlà máa fi okùn ìwọ̀n rẹ̀ wo bóyá òpó dúró ṣánṣán. Kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn tí wẹ́dà bá kúrò, torí iná máa ń fa irin.

Ọ̀dà

Ọ̀dà pupa tó ń dènà ìdógùn-ún lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ọ̀dà olómi dídán. Ẹ pe àwọn aládìrẹ Ìtòkú wá ya iṣẹ́ wọn sára dúrọ́ọ̀mù pẹ̀lú àwọ̀ ẹlú. Bí wọ́n bá ya ilà tó ń lọ́ yípo láti ìsàlẹ̀ dókè, yóò dà lójú bíi pé ó ń gòkè nígbà tó bá ń yí, ọmọdé kò ní lè gbójú kúrò níbẹ̀. Aṣọ gidi kò dára fún ojoojúmọ́, oòrùn á ṣá a, ìjì á ya á. Ẹ fi í pamọ́ de Ọdún Lísàbí.

Ìtọ́jú

Ẹ yan ẹnìkan tó ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹni tó ń tajà tàbí tó ń fọṣọ létí odò, kí ẹ sì máa san owó fún un. Òun ni kó mú kọ́kọ́rọ́ àgádágodo dání. Ẹ fi ìlà funfun sí ara òpó láti fi hàn ibi tí omi dé ní ìkún tó ga jù. Bí omi bá ti kan pẹ́dàlì, kí ó ti ère náà, kí ó sì lé àwọn ọmọdé kúrò.

Lóṣooṣù, kí ó fọwọ́ yí agbátẹ́gùn pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, kí ó gbọ́ bóyá bíárìn ń ha. Bí ó bá ń ha, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tún ta ọ́ìlì sí i. Bí kò bá dákẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kò wọ́n tó òpó. Ní ìparí ọyẹ́, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kí wẹ́dà gòkè lọ wo gbogbo ibi tó jó, kí ó lu bóòtù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òòlù kékeré. Èyí tó bá dún bíi pé ó ti tú, kí ó dì í, kí ó sì jó nọ́ọ̀tì rẹ̀ mọ́ ọn kí olè má baà tú u. Wáyà bíréèkì ọ̀kadà ló máa kọ́kọ́ gbó nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ ra mẹ́fà sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi wọ́n sọ́wọ́ olùtọ́jú.